Oúnjẹ Olúwa Tí A Retí Ní Songon

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìyàwó mi á ní kí n wọ aṣọ funfun fún òun. Kò lè dá a wọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, èémí rẹ̀ sì ti kúrú. Bó bá gbé apá sókè lásán, àyà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré láti Treichville dé Adjamé. Màá ki orí rẹ̀ bọ aṣọ náà, màá fa apá kan, màá fa ìkejì, òun á máa bá mi wí lábẹ́ aṣọ.

"Bàbá, ẹ rọra. Orí èèyàn ni o, kì í ṣe ìkòkò tí ẹ̀ ń tà."

Ìkòkò àti abọ́ ni mo tà ní ọjà Treichville títí eegun fi kọ̀ fún mi. Màá rẹ́rìn-ín, màá wé gèlè fún un, gèlè tí ọkùnrin wé, ẹ ti mọ bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn náà, màá gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kó lè máa wo títì tó ti ọ̀nà ńlá wọlé. Á jókòó síbẹ̀. Kò ní jẹun. Kò ní mu tíì pàápàá. Á ní, "Àwọn tó ń gbé oúnjẹ Olúwa bọ̀ kò tíì fẹnu kan nǹkan, ṣé èmi ló wá yẹ kí n máa jẹun?"

Kò sẹ́ni tó ń gbé e bọ̀.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi ṣì lè di bírò mú. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí bàbá mi tó fi mí sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Abidjan, nítorí náà, kí ẹni tó bá mọ̀wé jù mí lọ fi orí jì mí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ orúkọ wọn pátá, láti orí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ́ ẹní sínú yàrá kan ní Treichville láti máa jọ́sìn, títí dé orí àwọn ọmọ tí wọ́n kó jáde ní oṣù tó kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti kú, àwọn kan ṣì wà, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni ka ibí yìí kí ojú tì í.

Nínú ìjọ wa, ìjọ àwọn Anango, gẹ́gẹ́ bí àwọn onílẹ̀ ṣe máa ń pe àwa Yorùbá níbí, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a máa ń jẹ oúnjẹ Olúwa. Bí a bá ti jẹ ẹ́ tán nílé ìsìn, wọn á fi aṣọ funfun bo ìyókù, èèyàn méjì á gbé e, wọn á mú un lọ sí ilé gbogbo ẹni tí àìsàn tàbí ogbó dá dúró. Ọjọ́ náà gan-an ni, kì í ṣe ọ̀la. Àwọn tó gbé e kò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu títí wọn á fi dé ilé ẹni tó gbẹ̀yìn. Pásítọ̀ wa àkọ́kọ́ ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Aránṣọ ni, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló fi ń bọ́ ọmọ, nítorí ìjọ kò ní agbára àtisan owó oṣù fún un. Ó ní bí olórí bá yó tán kó tó rántí ẹni tó wà lórí ẹní, àlejò nirú olórí bẹ́ẹ̀ nínú ilé.

Òun náà ló fi ìyàwó mi ṣe Ìyá Ìjọ. Àwọn kan kùn. Wọ́n ní kò ní aṣọ tó yẹ olórí obìnrin, kò sì lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Pásítọ̀ aránṣọ yìí kò bá wọn jiyàn. Ó kàn sọ fún ìyàwó mi pé, "Iṣẹ́ rẹ ni kí o máa tẹ̀lé oúnjẹ Olúwa délé." Ìyàwó mi sì gbọ́ ọ bí ó ṣe sọ ọ́. Ó fi tirẹ̀ kún un: ó máa ń gbé garawa, ọṣẹ àti kànìnkànìn dání. Kí búrẹ́dì tó kan ẹnu aláìsàn, yóò ti wẹ̀ ẹ́.

Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan tí ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń gbé oúnjẹ náà kò sí nílé. Ọ̀dọ̀ bàbá oníwóróbo kan ní Adjamé ni a lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti sá fún un. Òórùn ibẹ̀ ti pàdé wa níta. Mo bomi wá láti ẹnu ẹ̀rọ, mo gbé e sílẹ̀, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi ká ìró rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí. Bàbá náà ń sunkún bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó fi ẹnu tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ìjọ, ẹ ti rí ìhòòhò mi báyìí. Ẹ gbọ́dọ̀ fẹ́ mi ni."

"Mo ti lọ́kọ. Ẹ wò ó lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ tó ń di imú."

"Ṣé ìyẹn náà lọkọ?"

"Ìyẹn náà ni mo rí."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Mo tú imú sílẹ̀. Ìgbà tó fi aṣọ mímọ́ wọ̀ ọ́ tán, tó bu òróró díẹ̀ pa á lójú, bàbá náà jókòó ti ògiri bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì, ó la ẹnu, ó jẹ oúnjẹ Olúwa. Mo bi ìyàwó mi nínú gbaka, ọkọ̀ èrò tó gbé wa padà, pé kí ló dé tí kì í jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà. Ó ní, "Ẹni tí ara rẹ̀ ń rùn, ojú ń tì í níwájú Ọlọ́run. Ta lẹ fẹ́ kó mú ìtìjú yẹn kúrò? Áńgẹ́lì?" Kó tó sọ̀rọ̀ tán, oorun ti gbé e lọ lórí èjìká mi.

Bó ṣe ṣe é nìyẹn fún gbogbo ọdún tí agbára fi wà. Àwọn tó wẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe aláìsàn nìkan. Bí obìnrin bá bímọ nínú ìjọ tí kò ní ìyá nítòsí, òun ni yóò fi omi gbóná tọ́jú abiyamọ, tí yóò wẹ ọmọ, tí yóò na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo lè ka àwọn ọmọ náà fún yín. Àwọn kan ti di ọ̀gá.

Ayé wá yí. Pásítọ̀ aránṣọ kú. Àwọn tó tẹ̀lé e náà ṣe dáadáa, kí n má purọ́ mọ́ wọn. Ìjọ pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, tí wọ́n lọ sí ilé ìwé Faransé, ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí o bá kí wọn, Faransé ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Wọ́n ní oorun ń kun àwọn nínú ìsìn. Bí a ṣe pín ìsìn sí méjì nìyẹn: Yorùbá láàárọ̀, Faransé lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a kó lọ sí ilé tuntun ní Riviera, ilé onígíláàsì tó tutù bí inú fìríìjì. Ní ìpàdé kan níbẹ̀, wọ́n pín iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ Olúwa náà. Àwọn àgbà ìsìn àárọ̀ á máa gbé e lọ fún àwọn àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ ìsìn Faransé, tí wọ́n ní mọ́tò, á máa gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè pé àgbà tó ń gbé ọ̀nà jíjìn ńkọ́.

Kò pẹ́ tí ìyàwó mi fi di àgbà tó ń gbé ọ̀nà jíjìn. Onílé wa ní Treichville ta ilé. Ọmọ wa ọkùnrin, òun nìkan ló kù fún wa, ilẹ̀ Faransé ló wà, ó ti kọ́ yàrá méjì sí Songon, lẹ́bàá ọ̀sà. Ibẹ̀ la kó lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, ẹja pọ̀, kò sí ariwo. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé Riviera, ìrìn àjò ni. A kò tíì tú ẹrù tán tí àìsàn ọkàn fi dé. Dókítà ní kò gbọdọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ pẹ́. Bí àbò ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ká kúrò lórí wa nìyẹn.

Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé rẹ̀, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Lórí fóònù, nínú ẹgbẹ́ tí gbogbo ìjọ wà, ẹnì kan á kọ ọ́ pé, "Ẹ gbàdúrà fún Màmá Songon." Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn láti ìgbà tí a ti kó lọ. Àmín á máa rọ̀ bí òjò, pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ tí wọ́n pa pọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, màá kà á fún un, òun náà á ní, "Ọlọ́run á gbọ́ tiwọn náà." Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi pa á. Àmín wọn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó lè bu omi sí mi lára."

Ẹni tó ń bu omi sí i lára ni obìnrin kan tó ń yan ẹja ní abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ onílẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá. Faransé ọjà ni òun àti ìyàwó mi jọ ń sọ. Bó bá wọlé, á ní, "Tantie, yako," ìyẹn "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́," bí wọ́n ṣe máa ń kí ẹni tí ara ń ni níbí, á sì ká ìró sókè bíi ti ìyàwó mi gẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó bá a nínú aṣọ funfun lórí àga, ọ̀sán ti pọ́n. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Tantie, àwọn Anango yín kò tíì dé? Àbí mọ́tò wọn ò mọ ọ̀nà Songon? Ẹja tí kò lẹ́sẹ̀ ń ti inú omi dé ọ̀dọ̀ yín!"

"Wọ́n ń bọ̀," ni ìyàwó mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí lóṣù tó kọjá."

"Ọ̀nà ló jìn."

Ó ń gbèjà wọn. Mo wọ inú yàrá lọ nítorí mi ò fẹ́ kó rí ojú mi.

Mo fẹ́ pe Bàbá Díákónì, olórí àwọn àgbà ìsìn àárọ̀, ẹni tí a jọ dàgbà. Fóònù ti wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi rí mi.

"Ẹ ò gbọdọ̀ pè é."

"Wọn ò mọ̀ ni. Bí mo bá kàn sọ fún wọn..."

"Bàbá. Èmi, ta ló pè mí lọ sí Adjamé? Olùṣọ́ àgùntàn wo lẹ ti rí tó ń dúró de kí àgùntàn tẹ òun láago?"

Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó mí díẹ̀, ó tún sọ̀rọ̀. "Bí a bá pè wọ́n, wọ́n á wá. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ ohun tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sọ fún wọn. Èmi kò lè wàásù, ẹ mọ̀. Garawa yẹn ni ìwàásù mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kankan gbọ́ ọ, kí n tó kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wá."

Ohun tó ń retí lórí àga náà nìyẹn. Mo fi fóònù sápò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ Àìkú yẹn, ara mi kò gbà á mọ́. Mo bu búrẹ́dì sínú àwo, mo da bissap, zobo pupa, sínú ife, mo kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀. Mo ní, "Jésù kò ní bínú sí wa. Jẹ́ kí n fún ọ." Ó wo àwo náà pẹ́. Ó fi ọwọ́ kan mi lórí, ibi tí irun ti tán.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ jẹ ẹ́, ebi ń pa yín. Kì í ṣe búrẹ́dì ni mò ń retí."

Ó tú gèlè náà fúnra rẹ̀, ó ní kí n gbé òun wọlé.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Mùsùlùmí ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi. Aṣọ ló ń tà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi kọjú síra ní Treichville títí a fi darúgbó. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti kírun tán, á wọ gbaka wá sí Songon pẹ̀lú ọsàn nínú láílọ́ọ̀nù. Á ti máa pariwo kó tó wọlé.

"Ìyá Ìjọ! Ìjọ dà?"

"Ìjọ wà ní Riviera, Àlùhájì."

"Ẹ kúkú bọ́ sọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá ti gba Ìsìláàmù lónìí, lọ́la, odindi mọ́sáláṣí á ti kún ilé yìí. Ariwo wọn nìkan á jí ọkàn yín dìde."

"Bí mo bá gbà á, ìyàwó yín ìkelòó ni màá jẹ́?"

"Ha! Ọkọ yín ń gbọ́ o!"

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó jẹun láìsan nǹkan kan."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, a sì gbé e jókòó, a ń fẹ́ ẹ. Bí mo ṣe sin Àlùhájì jáde lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ṣé òótọ́ ni pé wọn ò wá?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹnì kan ṣoṣo?"

Àlùhájì dúró lórí iyanrìn, ó ń wo bàtà rẹ̀. "Nígbà tí ìyá mi ń kú," ó ní, "tí a ń ka Kùránì lórí rẹ̀, ta ló ń wẹ̀ ẹ́? Ṣé obìnrin yìí kọ́?" Ó lọ láìdágbére.

Mi ò rán an níṣẹ́ kankan. Ohun tó ṣe, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó wọ agbádá, ó gba Riviera lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò tí àwọn ará ìsìn Yorùbá ń jáde, tí àwọn ará ìsìn Faransé ń wọlé. Ó dúró sáàárín wọn, ó sì fi ohùn tí a fi ń pe oníbàárà lọ́jà sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin ará ìjọ! Ta ló ń tọ́jú ìyá yín ní Songon? Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ sọ ọ́, àwa Mùsùlùmí á gbà á!" Wọ́n ní àwọn tó ń jáde wo àwọn tó ń wọlé, àwọn tó ń wọlé náà wo àwọn tó ń jáde.

Pásítọ̀ dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìyàwó mi kò lè jókòó mọ́ nígbà náà. Orí ẹní ló wà, obìnrin ẹlẹ́ja ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ tán ni. Pásítọ̀ wa ìsinsìnyí kéré lọ́jọ́ orí. Ibí yìí la bí i sí, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ń gbìyànjú. Ó ti ṣìnà, òógùn ti mu ẹ̀wù rẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, nǹkan tí mi ò retí.

"Papa, pardon. Vraiment, pardon. Ọ̀nà yìí... mi ò mọ ọ̀nà."

"Ẹ dìde, Pásítọ̀. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ń ṣòro fún un, ó ń wá a bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. "Màmá, ẹ foríjì wá. Àwa ò mọ̀. A rò pé àwọn bàbá ìsìn àárọ̀ ló ń wá. Àlùhájì kan ló wá sọ fún wa."

Ojú ìyàwó mi yí sọ́dọ̀ mi. Mo mi orí: èmi kọ́ ni mo rán an. Ó wò mí títí ó fi gbà mí gbọ́, ó sì pa ojú dé. Mo mọ ohun tó parí níbẹ̀. Àlùhájì fẹ́ràn rẹ̀, Pásítọ̀ náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó fi ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti oṣù dé oṣù ti rí ìdáhùn.

Pásítọ̀ ṣí àpótí kékeré kan. Búrẹ́dì inú rẹ̀ tín-ín-rín, ó rí roboto. Ó da wáìnì sínú ife kan tí kò tó àtàǹpàkò. Ó ní kí a gbàdúrà. Ó gbà á ní Faransé, ó gbà á ní Yorùbá, ó dé ibi tí a ti ń fi èèyàn lé Ọlọ́run lọ́wọ́. "Olúwa, a gbé ìránṣẹ́ rẹ wá síwájú rẹ, Màmá... Màmá..." Mo lajú. Ó na ọrùn sí mi, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́:

"Papa, kí ni orúkọ Màmá?"

Èmi kò lè bá a jà. Nínú wa, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ Ìyá Ìjọ, lẹ́yìn náà ló di Màmá Songon. Níbo ni ì bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ bí kò ṣe lẹ́nu rẹ̀, nínú ilé rẹ̀? Mo sọ orúkọ náà. Ó ṣì í pè, mo tún un sọ.

Ìyàwó mi lajú. Ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáadáa, ó sì pè é ní orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé bóyá ni òun fúnra rẹ̀ ṣì ń rántí. Ọwọ́ ìyàwó mi ni omi àkọ́wẹ̀ rẹ̀ ti wá.

"Ṣé o ti jẹun?" ó bi í.

Inú Pásítọ̀ dùn pé ó sọ̀rọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo jẹun kí n tó kúrò nílé, mo yó dáadáa. Ẹ ṣeun, Màmá."

"Ó dáa," ó ní. "Ọ̀nà jìn."

Kò mọ ohun tó sọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Pásítọ̀ fi búrẹ́dì náà sí ìyàwó mi lẹ́nu. Ìyàwó mi kò lè gbé e mì. Mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó ń gbìyànjú, mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń wá mi. Mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo yọ ọ́. Pásítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìparí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò rí wa. Mo di búrẹ́dì tútù náà mú lọ́wọ́ títí ó fi ṣe Àmín. Mi ò mọ ohun tó yẹ ká fi irú rẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo sin ín dé ìdí mọ́tò, tó ṣèlérí pé òun á padà wá, tí eruku rẹ̀ lọ tán, mo jẹ ẹ́.

Ohun tí ìyàwó mi sọ kẹ́yìn kì í ṣe nípa ara rẹ̀. Ó rántí ìyá afọ́jú kan tó máa ń bẹ̀ wò lójú ọ̀nà Abobo, opó, kò bímọ. "Ta ló ń lọ síbẹ̀ báyìí?" Mo ní mi ò mọ̀. "Ẹ bá mi débẹ̀, Bàbá. Irun rẹ̀ ló máa ń yún un jù." Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ó ti lọ.

Ọjọ́ ìsìnkú, mọ́tò kún láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọ̀nà ńlá. Obìnrin ẹlẹ́ja dúró tì mí, ó ń wo gbogbo rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ. Bàbá Díákónì dì mọ́ mi, ó ń sunkún bí ọmọdé. "A rò pé àwọn ọ̀dọ́ ló ń wá," ó ní. "Ọlọ́run ló mọ̀, a rò pé àwọn ọ̀dọ́ ni." Pásítọ̀ wàásù lórí olùṣọ́ àgùntàn tó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀. Ó wàásù náà dáadáa. Mi ò kórìíra rẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé kò sí ẹni burúkú kankan nínú wọn tí mo lè di ẹ̀bi náà rù.

Mo bi Bàbá Díákónì léèrè lẹ́yìn ìgbà náà: ta ló ń gbé oúnjẹ Olúwa lọ fún ìyá afọ́jú? Ó ní ọ̀nà Abobo jìn, àwọn ọ̀dọ́ ni. Mo bi àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní àgbà ni Màmá yẹn, àwọn bàbá ni.

Nígbà tí orúnkún mi gbà fún mi díẹ̀, mo wọ gbaka dé Adjamé, mo wọ òmíràn dé ojú ọ̀nà Abobo. Mo mú ọṣẹ àti kóòmù dání. Mo mọ ibẹ̀, mo ti sin ìyàwó mi débẹ̀ rí: ẹnu ẹ̀rọ ìlọta, ìyanà, ilé onípákó tí wọ́n kun ní àwọ̀ ewé. Mo dé ẹnu ẹ̀rọ ìlọta, kò sí ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n ti wó gbogbo àdúgbò náà. Pákó fífọ́, páànù tó ká, bàtà ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ pupa títí dé ibi tí ojú mi lè dé. Obìnrin kan ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo bi í. Ó ní ó ti pẹ́, gbogbo wọn ti túká, ẹni tó lárá lọ sọ́dọ̀ ará.

"Ẹni tí kò lárá ńkọ́?"

Ó wò mí. "Yako, Papa," ó ní, ó sì fún mi ní omi. Mo mu ún.

Mo ti béèrè ní Adjamé láàárín àwọn tiwa. Àlùhájì ti béèrè ní mọ́sáláṣí. Ìyá kan ni, ó ga, ojú méjèèjì ti fọ́, ó kọlà Ọ̀yọ́, ó máa ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ẹsẹ̀. Pásítọ̀ ní òun á kéde rẹ̀ nínú ìsìn méjèèjì. Ó sì kéde rẹ̀. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan.